Ta Ló Ni Àdírẹ́sì Yìí Gan-an?

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì mi ní Ìjọra, àdírẹ́sì márùn-ún ló ní, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú márààrún. Ẹ má pè é ní àsọdùn. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín, kí ẹ wá bá mi dá a.

Ọ́fíìsì àwọn tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí gbogbo èèyàn ń pè ní ajẹ́ǹtì. Àlájà ló ni ọ́fíìsì. Àwọn ọmọkùnrin wa ló ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́nu géètì. Èmi ni bọ̀dá kọ̀ǹpútà. Bí printer bá há, wọ́n á wo ojú mi. Bí dátà bá tán, wọ́n á wo ojú mi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n á tún wo ojú mi, àfi bí ẹni pé abẹ́ àga mi ni mo gbé e pamọ́ sí.

Nígbà kan, ìwé ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n á há fáìlì mọ́ abíyá, ó di báńkì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Form M tí báńkì ń fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni PAAR tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń kọ ti ń jáde, ibẹ̀ náà la ti ń sanwó. Tírélà tó fẹ́ wọ wọ́ọ̀fù pàápàá, láti oṣù Èrèlè 2021 tí wọ́n ti gbé Eto dé, orí ẹ̀rọ ló ti ń gba àyè kó tó gbéra. Mi ò bá wọn jà nípa ìyẹn. Ẹni tó bá rántí bí tírélà ṣe máa ń tò láti Wharf Road gba orí Marine Bridge títí kan Ìjọra Ọlọ́pà, tí awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, tó ń dáná lórí afárá, kò ní sunkún nítorí ayé àtijọ́.

Ìjà tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan tí a máa ń fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí lórí portal wọn kọ lẹ́tà sí wa. Wọ́n ní nítorí àwọn gbájúẹ̀, kọ̀ǹpútà tí àwọn bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ni portal yóò máa ṣílẹ̀kùn fún. Kí oníkálukú fi IP address ọ́fíìsì rẹ̀ ránṣẹ́.

Àlájà na fóònù sí mi. "Bọ̀dá, ṣé ohun tí wọ́n ń béèrè ò ju èyí náà lọ? Kọ ọ́ fún wọn jàre, kí n ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíì."

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná, mà."

"Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? O ò mọ ibi tó o jókòó sí ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ ọ́n o. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n.

Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, nítorí ọ̀fẹ́ ni, Àlájà ò sì kórìíra ọ̀fẹ́. Mo ṣí ojú dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ ip -4 addr, mo tẹ Enter. Mo ń retí ẹyọ kan, ńṣe ló da àdírẹ́sì bò mí.

Àkọ́kọ́, 127.0.0.1. Èyí ni kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà láyé ló sì ń jẹ́ ẹ. Bí mo bá fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tiwọn á wo inú ara rẹ̀, á ní òun ti rí mi, pé ara mi sì le. Ìkejì, 192.168.8.102, ti wáyà. Ìkẹta, 192.168.8.115, ti Wi-Fi. Kọ̀ǹpútà kan náà, ráútà kan náà, nọ́ńbà méjì, nítorí pé ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. Ìkẹrin, 172.17.0.1. Ta tún nìyẹn? Nígbà tí mo tọpa rẹ̀, Docker ni, program kan tí ẹni tó lo kọ̀ǹpútà náà ṣáájú mi fi síbẹ̀. Ó ti lọ kọ́ nẹ́tíwọ́kì tara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ wa láìtọrọ àyè, ó sì ti fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ọmọ onílẹ̀ ti dé inú kọ̀ǹpútà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí èyí tó wúlò fún ará ìta nínú gbogbo wọn. Ní oṣù Èrèlè 1996, àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ya ọ̀wọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: gbogbo èyí tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, láti 172.16 dé 172.31, àti gbogbo èyí tó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè mú un lò nínú ilé rẹ̀, kò gba àṣẹ, kò gba owó. Ìyẹn ni pé 192.168 tó wà nílé wa ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tẹ̀wé ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀, òun ló wà ní báńkì Broad Street, òun náà ló wà nílé àbúrò yín tó ń gbé ní Peckham. Ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, ta lẹ fẹ́ pè tí yóò dáhùn?

Kí n tó dé orí ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ àwọn tó ṣe irinṣẹ́ sùn. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà la ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kéèyàn tẹ ifconfig, kó fa ìlà tí "inet addr" wà yọ pẹ̀lú grep, kó gé e níbi àmì olójú méjì pẹ̀lú cut, kó sì fi awk mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Láti 1983 ni ifconfig ti wà nínú Unix àwọn ará Berkeley. Ó dàgbà ju èmi lọ. Àṣé àwọn kan ti jókòó níbì kan, wọ́n ti mú "addr" kúrò, wọ́n fi "inet" nìkan sílẹ̀. Grep wá a títí, kò rí i, kò sì wí nǹkan kan. Bí grep ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí kò bá rí ohun tí ẹ rán an, kì í tọrọ àforíjì, ńṣe ló máa ń dákẹ́ bí ọmọ tó ti ná owó ṣéńjì.

Ó tún kù. Káàdì wáyà tí gbogbo ayé mọ̀ sí eth0, láti 2013 ni wọ́n ti sọ ọ́ di enp2s0. Wọ́n ní kí orúkọ lè dúró lójú kan ni. Ta ló sọ fún wọn pé eth0 ń rìn? Nígbà tó sì di 2017, Debian 9 jáde, ifconfig fúnra rẹ̀ ò sí nínú ẹrù tí wọ́n dì mọ́ ọn. Àfi kéèyàn lọ wá a wá. Bí mo ṣe ń ka ìwé àtijọ́, tí mò ń tẹ ohun tó wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń dá mi lóhùn pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tẹ hostname -I. Ó kó àdírẹ́sì sórí ìlà kan ṣoṣo. Mo ní mo ti yege, màá mú àkọ́kọ́. Mo ka ìwé ìlò rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́kàn lé bó ṣe tò wọ́n. Kí la wá ń tò wọ́n fún?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọgbọ́n kan ṣì kù. Kéèyàn má béèrè àdírẹ́sì mọ́; kó béèrè ọ̀nà. Bí ẹ bá tẹ ip route get 1.1.1.1, ohun tí ẹ ń bi kọ̀ǹpútà ni pé, "Bí mo bá fẹ́ rán ọ dé òkèèrè, ẹnu ọ̀nà wo lo máa gbà, nọ́ńbà wo lo sì máa gbé dání?" Kò ní jáde rárá, kò ní ná dátà kankan. Á kàn wo ìwé ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní: gba ọ̀dọ̀ 192.168.8.1, gba enp2s0, src 192.168.8.102. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "src" yẹn lẹ̀ ń wá. Docker ò lè yọjú síbẹ̀, 127.0.0.1 ò lè yọjú síbẹ̀. Bí mo ṣe kọ script mi nìyẹn:

#!/bin/bash
inu=$(ip route get 1.1.1.1 | grep -oP 'src \K\S+')
ita=$(curl -4 -s --max-time 10 ifconfig.me)
echo "Inu: $inu  Ita: $ita"

"Inu" ni àdírẹ́sì tí ráútà fún wa nínú ilé. "Ita" ni ìkarùn-ún tí mo ní ẹ dúró dè, èyí tí ayé fi ń rí wa. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. Kò sí àṣẹ tí ẹ lè tẹ lórí kọ̀ǹpútà yín tí yóò sọ èyí fún yín láti inú ilé, nítorí kọ̀ǹpútà náà ò mọ̀ ọ́n. Ráútà ló ń pa nọ́ńbà ilé rẹ́ lára gbogbo ohun tó bá ń jáde, tó ń kọ nọ́ńbà mìíràn sí i, tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ kí èsì má bàa ṣìnà bó bá ń padà bọ̀. Àfi kí ẹ rán curl jáde lọ bá ẹni ẹlẹ́ni lókè òkun, kó kúnlẹ̀, kó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ rí tó wọlé tọ̀ yín wá?" Ẹni yẹn á wò ó, á kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún un, curl á gbé e wálé. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń gba ọ̀dọ̀ àlejò lọ kó tó mọ orúkọ ilé ara rẹ̀!

Mo mú èyí tó gbé wálé, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Portal ṣí. Àlájà rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n mú iná lọ.

Ìjọra tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìlú tí kò mọ iná. Láyé òyìnbó, èédú tí wọ́n ń gbé wá láti Enugu ni wọ́n ń dáná sun ní ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà ní Ìjọra láti fi tan iná fún Èkó. Àdúgbò tó ń pín iná fúnni ni wá! Lónìí, bí wọ́n bá mú un, ráútà á kú, a ó tan jẹnẹrétọ̀, ráútà á jí, ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa á sì fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Nọ́ńbà àárọ̀ ti di ti ẹlòmíì. Portal wò wá sùn-ùn, ó ní òun ò mọ̀ wá rí. Mo fi tuntun ránṣẹ́. Iná dé, a pa jẹnẹrétọ̀, ráútà kú, ó jí, nọ́ńbà tún yí. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

Mo wá ṣètò pé kí script máa fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sórí fóònù Àlájà láràárọ̀, kó lè máa fi ṣọwọ́ sí wọn fúnra rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, dátà ti tán mọ́jú. Curl jáde bó ṣe máa ń jáde, àwọn tó ń ta dátà dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n di ojú ewé ìpolówó wọn lé e lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀, látòkè délẹ̀: pé dátà yín ti tán, pé ẹ lè ra ti òru ní ẹ̀dínwó, pé ẹ tẹ ibí fún orin. Script mi, ọmọ tó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, gbé gbogbo rẹ̀ fún Àlájà gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ọ́fíìsì. Àlájà náà, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi, gbé e fún ilé-iṣẹ́ oníportal. Wọ́n fèsì pé àwọn ò lè fi orin sínú bọ́kìsì IP. Ẹ sọ fún mi, èwo ló jẹ́ ẹjọ́ mi níbẹ̀? Mo fi ìlà kan kún un tó ń wò ó pé nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró nìkan ló wà nínú èsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, curl dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tí mo fún un, ó padà wálé lọ́wọ́ òfìfo. Script pa ẹnu mọ́. Àlájà pè mí, ó ní ṣé mo ti sùn ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ inú ráútà fúnra rẹ̀ lọ wo nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Mo rò pé yóò bá ti curl mu. Kò bá a mu o! Nọ́ńbà ráútà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Mo ṣèwádìí. Àṣé ní oṣù Igbe 2012, wọ́n tún ti ya ọ̀wọ́ mìíràn sọ́tọ̀, láti 100.64 títí dé 100.127, fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kó oníbàárà jọ sẹ́yìn nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo. Ohun tí ráútà ń ṣe fún wa nínú ilé ni àwọn náà ń ṣe fún ráútà. Nọ́ńbà tí mo ti ń fi yangàn, tí mo ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú "Ẹ kú iṣẹ́ o", àwa àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí mi ò mọ̀ la jọ ń lò ó. Gbogbo wọn ni portal ti ń ṣílẹ̀kùn fún lórúkọ Àlájà. Gbájúẹ̀ tí wọ́n ń sá fún lè wà láàárín wọn, kó máa jẹ búrẹ́dì.

Àjọlò yìí ló ṣàlàyé ìyà kan tó ti ń jẹ mí tipẹ́. Mo máa ń fẹ́ wá nǹkan lórí Google, á ní òun ń rí ìṣesí tí kò yé òun láti nẹ́tíwọ́kì mi, kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ti hùwà burúkú lórí nọ́ńbà wa, èmi ni wọ́n ń bi. Wọ́n á gbé àwòrán jáde. Tẹ gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Mo tẹ aláwọ̀ ìyeyè, nítorí ọmọ Èkó ni mí, dáńfó ni mo mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Tẹ gbogbo ibi tí ẹ̀rọ omi panápaná wà. Mo wo fèrèsé, mo wo títí dé Ìjọra Bàdíà. Èmi tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí, mi ò rí irú rẹ̀ lójú pópó wa rí. Tẹ ibi tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn fún ẹlẹ́sẹ̀ láti kọjá. Ní Ìjọra? Níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń fi ìgboyà àti àdúrà kọjá? Bí èèyàn bá gbọ́dọ̀ gbé ìlú òyìnbó kí wọ́n tó gbà pé èèyàn ni, kí wọ́n sọ ọ́ fún wa.

Ohun tó wá ń mú mi bínú ni ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́. Gbogbo kọ̀ntéínà tó bá sọ̀ sí Àpápá tàbí Tin Can ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni ín, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn jẹ́ èyí tí a fi ń yẹ ìyókù wò, kí ẹni tó ṣì í kọ lè tètè mọ̀. Kò sí méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo òkun ayé. Kọ̀ntéínà tó ti jẹ́ra, tó ti dápàá, tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù, ẹ fọwọ́ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ ó bá nọ́ńbà níbẹ̀. Ó lọ China, ó bọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ò yí. Wọ́n mú iná lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ò yí. Irin lásán! Kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣèwé ló wá ń yá nọ́ńbà lò.

Níbo ni tiwa wọlẹ̀ sí? Mo bá a dé gbòǹgbò. Ní 1981 tí wọ́n kọ òfin IPv4 sílẹ̀, wọ́n fi àyè 32 sílẹ̀ fún odo àti ọ̀kan. Gbogbo àdírẹ́sì tí ìyẹn lè bí ò ju 4,294,967,296 lọ. Àwa tó wà láyé ti ju bílíọ̀nù 8 lọ, ẹlòmíì sì ní fóònù méjì. Nígbà tí wọ́n ń pín in, ẹni tó tètè dé ló ń bu ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo èyí tó fi 17 bẹ̀rẹ̀, Apple ló kó o. Èyí tó fi 19 bẹ̀rẹ̀, Ford ló kó o. Bẹ́ẹ̀ ni, Ford tó ń ṣe mọ́tò. Èyí tó fi 18 bẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ MIT kí wọ́n tó tà nínú rẹ̀ fún Amazon ní 2017. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀wọ́ wọ̀nyí jẹ́ àdírẹ́sì 16,777,216.

Ọjọ́ 3 oṣù Èrèlè 2011 ni àká gbogbo ayé ṣófo. Wọ́n fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń pín in ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó gbẹ̀yìn. AFRINIC tó wà ní Ebène ní Mauritius ló ń pín ti Áfíríkà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, ilé-iṣẹ́ tó bá lọ tọrọ lọ́dọ̀ wọn, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè gbà ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ẹ̀rọ ìṣírò Àlájà. Ohun tí Ford nìkan gbà, àwọn tó máa tọrọ 1,024 fún Áfíríkà á tó 16,384 kí wọ́n tó kó o tán. Kí inú mi lè bàjẹ́ dáadáa, ìwádìí tí AFRINIC fúnra wọn gbé jáde ní 2021 sọ pé àdírẹ́sì tó lé ní mílíọ̀nù 4 ni wọ́n ti fi èrú gbé lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ẹjọ́ lórí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù Mauritius. Olè kì í wá sí Ìjọra nìkan, ẹ ò rí i.

Mo pe àwọn tó ń ta dátà fún wa. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Static IP lẹ̀ ń fẹ́ sà? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá la máa ń fún sà."

"Àwa náà ò kéré. Èló ni?"

Ó sọ iye rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ, bóyá jẹnẹrétọ̀ ni ò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Mo ní, "Lóṣooṣù?" Ó ní, "Lóṣooṣù sà, yàtọ̀ sí dátà." Mo kí i pé ó kú iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "IPv6 ńkọ́?" Òtítọ́ ni, láti 1995 ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀, àyè 128 ló ní, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè pọ̀ tó tí kò ní kárí. Ṣùgbọ́n dátà tí à ń rà ò bá a wá. Ká tiẹ̀ ní ó bá a wá, bọ́kìsì tí portal ní ká kọ àdírẹ́sì sí, àmì 15 péré ló ń gbà. Wọ́n wọn ún fún 255.255.255.255, kò lé, kò dín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ wá gbà mí nímọ̀ràn: kí n háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan sí Frankfurt, wọ́n máa ń fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí kì í yí, kí n wá la ihò WireGuard láti Ìjọra dé ibẹ̀, kí gbogbo ìwé wa máa gba ibẹ̀ jáde. Mo ṣe é. Script mi sọ "Ita" kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, iná ìbáà lọ kó dé. Ìwé ẹrù Àlájà ń gba Ìjọra wọ abẹ́ òkun lọ sí Jámánì, ó ń gba abẹ́ òkun padà wá sí Àpápá, sí ọ́fíìsì tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kí tíì tó tutù. Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, mo na ẹsẹ̀ mi.

Ilé-iṣẹ́ oníportal pe Àlájà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ta á lólobó: ẹnì kan wà ní Jámánì tó ń gbìyànjú láti fi orúkọ rẹ̀ wọlé, àwọn sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú ọgbọ́n. Mo pa ihò Jámánì dé. Mo fi ìlà díẹ̀ kún script: kó máa kọ "ita" sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ ana, kó máa wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bí tòní bá ti yàtọ̀ sí ana, kó fi íméèlì ránṣẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́ oníportal, kó kí wọn dáadáa, kó fi àdírẹ́sì tuntun lé wọn lọ́wọ́, kó ní kí wọ́n fèsì pé wọ́n ti rí i gbà. Cron, aago inú Linux, ló ń bá mi ṣiṣẹ́ náà. Kì í sùn, kì í ṣọdún, kì í lọ sí Jímọ̀. Bí iná bá lọ, wọ́n á gba íméèlì. Bí iná bá dé, wọ́n á gba íméèlì. Ẹ̀yin náà sì mọ iye ìgbà tí iná ń lọ.

Wọ́n ti pe mí báyìí. Ọ̀gbẹ́ni kan ni, ó ti rẹ̀ ẹ́ lóhùn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Àdírẹ́sì yín ti kún inú íméèlì wa. Ṣé ẹ ò lè dúró sójú kan ni?"

Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí Ford.